Mo fẹ́ mú bàbá mi tó jẹ́ télọ̀ lọ wo àfihàn aṣọ ọkùnrin ní Met ní New York, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

OmoTelo_NJ

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Bàbá mi ti dé láti Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ wa ní Newark ni wọ́n wà títí di oṣù kọkànlá, jíjókòó sílé látàárọ̀ dalẹ́ sì ti ń sú wọn. Télọ̀ ni wọ́n, kì í ṣe télọ̀ agbádá o, kóòtù àti ṣòkòtò ni wọ́n ń rán, àwọn lọ́yà àtàwọn òṣìṣẹ́ báǹkì ni kọ́sítọ́mà wọn ní Dùgbẹ̀ láyé ọjọ́un. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ mi wá ń sọ fún mi pé àfihàn kan wà ní mùsíọ́mù Met (Metropolitan Museum of Art), Superfine: Tailoring Black Style ni wọ́n pè é, pé ìtàn bí àwọn ọkùnrin dúdú ṣe ń múra ni, láti ayé ẹrú títí di òní, àti pé ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 2025 yìí ló máa kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, ṣé ó tó nǹkan téèyàn ń gbé bàbá ẹni ọdún 71 lọ wò? Orúnkún kan ń yọ wọ́n lẹ́nu díẹ̀. Èló ni wọ́n ń gbà, ọjọ́ wo ló dáa, kí ni kí n sì fi sọ́kàn? Gbogbo ọdún tí mo ti wà níbí mi ò tíì wọ mùsíọ́mù yẹn rí.

Iya_Ibeji_Bronx

Mú wọn lọ jàre. Èmi àtàwọn ọmọ ti lọ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ owó torí òun ló máa ń dẹ́rù ba èèyàn. Lọ́dún 2025 yìí, àgbà $30, ẹni tó bá ti pé 65 $22, akẹ́kọ̀ọ́ $17, ọmọ tí kò tíì pé 12 kò san nǹkan kan. Wọn kì í gba owó ọ̀tọ̀ fún àfihàn yẹn o, tíkẹ́ẹ̀tì tó o fi wọlé náà lo máa fi wo gbogbo ilé. Èmi ará Bronx, iye tó bá wù mí ni mo ń san torí ìpínlẹ̀ New York ni mò ń gbé, ìwọ ará Jersey kò sí nínú ìyẹn àfi tó o bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Má lọ ní Wẹ́sìdé, wọ́n máa ń tì. Fúráìdé àti Sátidé, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n ń tì, ọjọ́ yòókù aago márùn-ún. Èmi á ní kẹ́ ẹ lọ ní àárọ̀ Mọ́ńdè tàbí Tọ́sìdé ní kété tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn ní aago mẹ́wàá, torí Sátidé yẹn, háà, èrò bí ọjọ́ ọdún, ẹ̀yìn orí àwọn èèyàn lẹ máa wò délé.

Ti orúnkún bàbá: ẹ má gba iwájú. Àtẹ̀gùn gígùn tẹ́ ẹ máa ń rí nínú fọ́tò yẹn kì í ṣe fún wọn. Ẹnu ọ̀nà kan wà ní ìsàlẹ̀ lápá 81st Street tí kò ní àtẹ̀gùn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà, ẹ̀lífétọ̀ á gbé yín dé òkè kejì tí àfihàn wà. Wọ́n tún ní àga onítáyà tí wọ́n ń yá èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ béèrè níbi tí wọ́n ti ń gba kóòtù àti báàgì sílẹ̀. Mo mọ̀ pé bàbá á ní àwọn kì í ṣe aláìsàn, ṣáà gbà á, kí wọ́n máa tì í lọ bí ẹni ti kẹ̀kẹ́, tó bá rẹ̀ wọ́n wọ́n á jókòó fúnra wọn.

Tade_HTX

Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n $30 láti lọ wo kóòtù tí òkú wọ̀? Bàbá tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn rán kóòtù lẹ tún fẹ́ gbé lọ síwájú kóòtù, ṣé ìyẹn ni ìsinmi. Ẹ gbé wọn lọ wo Niagara. Èmi tiẹ̀ rò pé ti àwọn gbajúmọ̀ tó ń ya fọ́tò lórí àtẹ̀gùn ni Met yìí.

Adunni_BK

Bọ̀dá Tádé, ìyẹn Met Gala, ọ̀tọ̀ ni. Àpèjẹ ìkówójọ ni, ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ni wọ́n ṣe é, $31 mílíọ̀nù ni wọ́n rí kó jọ, lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n wá ṣí àfihàn fáwa mẹ̀kúnnù ní ọjọ́ 10. Mo dẹ̀ fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ èyí kí wọ́n tó náwó: tó bá jẹ́ aṣọ tí Burna Boy, Tems àti Ayra Starr wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn lẹ fẹ́ lọ wò, ẹ ò ní bá a níbẹ̀. Àwọn aṣọ gala kọ́ ni wọ́n pàtẹ. Ṣùgbọ́n Ozwald Boateng tó rán aṣọ fáwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iṣẹ́ tiẹ̀ wà nínú àfihàn. Ọmọ àwọn ará Ghana tí wọ́n bí sí London, wọ́n máa ń pè é ní ọkùnrin dúdú àkọ́kọ́ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Savile Row, àdúgbò àwọn ọ̀gá télọ̀ súùtì níbẹ̀, 1995. Bàbá télọ̀ á mọ Savile Row, ẹ bi wọ́n.

OmoTelo_NJ

Mo bi wọ́n. Wọ́n ní ọ̀gá tó kọ́ àwọn níṣẹ́ máa ń fi orúkọ àdúgbò yẹn búra. Ẹ ṣé gan-an ìyá ìbejì, ti àga onítáyà yẹn ni mi ò ní lè sọ fún wọn ṣáájú, tá a bá débẹ̀ mo máa dọ́gbọ́n sí i.

Ajisafe

Tádé, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Orúkọ yẹn gan-an, Superfine, ọ̀dọ̀ Olaudah Equiano ni wọ́n ti mú un, ọmọ Ìgbò tó sọ pé wọ́n jí òun gbé ní kékeré tà sóko ẹrú. Olówó ẹ̀ ní kó lọ wá £40 wá kó fi ra ara ẹ̀ padà. Bó ṣe ń kó owó yẹn jọ díẹ̀díẹ̀, tí kò tíì gba òmìnira o, ó ná lé ní £8 lórí aṣọ superfine kan, ìyẹn aṣọ onírun àgùntàn tó kúnná jù lọ nígbà yẹn, ó ní òun máa fi jó lọ́jọ́ tóun bá dòmìnira. 1766 ló gba ìwé òmìnira, òun fúnra ẹ̀ ló kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé tó gbé jáde ní 1789. Ẹ ro ó wò, ẹni tí wọ́n ṣì lè tà lọ́la, òun ló ń ná owó sórí aṣọ ijó.

Nǹkan tí àfihàn yẹn ń bi èèyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin nìyẹn: ṣé ìwọ lo wọ aṣọ yìí àbí wọ́n wọ̀ ọ́ sí ẹ lọ́rùn? Ẹ má sáré kọjá àwọn aṣọ àkọ́kọ́. Kóòtù àrán elésè àlùkò kan wà níbẹ̀ láti Maryland, nǹkan bíi 1840, òun pẹ̀lú wéskóòtù ẹ̀, ọ̀já tó ń dán gbá a létí yíká. Téèyàn bá rí i lókèèrè á ní ọmọ ọba ló ni ín. Ẹrú ni wọ́n rán an fún! Olówó ẹrú ló ń fi ẹrú ṣe fáàrí, kí àlejò tó wọlé lè mọ̀ pé ọlọ́lá lòun, aṣọ yẹn kò fi ìgbà kankan jẹ́ ti ẹni tó wọ̀ ọ́. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́ títí. Gbogbo yàrá tó kù lẹ́yìn ìyẹn, bí àwọn èèyàn dúdú ṣe gba aṣọ mọ́ àwọn ọ̀gá lọ́wọ́ tí wọ́n sọ ọ́ di tiwọn ló dá lé.

Bíi Julius Soubise, tí wọ́n bí sóko ẹrú ní St Kitts, tó wá di ológe ní London débi pé wọ́n ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ ẹ̀ tà ní 1772, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ṣùgbọ́n wọn ò lè gbójú kúrò lára ẹ̀. Tàbí Frederick Douglass tó sá mọ́ olówó ẹ̀ lọ́wọ́ ní 1838, tó wá ń jà kí wọ́n dá ẹrú sílẹ̀. Aṣọ ẹ̀ wà níbẹ̀, kóòtù dúdú tí kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan. Ọkùnrin yẹn ya fọ́tò ju ọ̀pọ̀ ààrẹ Amẹ́ríkà ayé ìgbà ẹ̀ lọ, kò sì sábàá rẹ́rìn-ín nínú wọn, torí ó mọ̀ pé ẹjọ́ lòun ń rò lójú gbogbo ayé. Ti W. E. B. Du Bois ló pa mí lẹ́rìn-ín, wọ́n kó rìsíìtì télọ̀ àti ti alágbàfọ̀ bàbá náà síta, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bá ìjọba Amẹ́ríkà fà á kò fi ọ̀rọ̀ sítááṣì ṣeré.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Monica L. Miller ti Barnard College ló ṣètò ẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń bójú tó aṣọ ní Met, láti inú ìwé kan tó kọ ní 2009 lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Apá 12 ni wọ́n pín in sí, ara ògiri ni wọ́n kọ orúkọ wọn sí, Ownership ni àkọ́kọ́, Cosmopolitanism ni wọ́n fi kádìí. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ó ti ń rẹ bàbá, ẹ fo àárín, ẹ má fo méjì àkọ́kọ́.

Tade_HTX

Ó dáa, ti kóòtù ẹrú yẹn wọ̀ mí lára díẹ̀. Díẹ̀ ni mo sọ o.

Aranso_Mushin

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará òkè òkun. Mùsìn ni mo wà, iṣẹ́ kan náà ni mò ń ṣe pẹ̀lú bàbá yẹn, kóòtù. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí télọ̀ ṣe ń wo aṣọ kí ọmọ bàbá má bàa máa fà wọ́n lọ́wọ́ pé ẹ jẹ́ ká lọ, ẹ jẹ́ ká lọ. A kì í wo aṣọ láti iwájú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yí i ká, ẹ̀yìn kóòtù ni èèyàn ti ń mọ ọ̀gá. Ẹ wo ibi tí apá ti pàdé èjìká bóyá ó wú tàbí ó sùn pẹ̀lẹ́. Ẹ wo lápẹ̀ẹ̀lì, èyí tó bá ká wálẹ̀ jẹ́jẹ́ láìsí ojú àpá áyọ́ọ̀nù, ọwọ́ ni wọ́n fi gán kánfáàsì, ìyẹn aṣọ líle tó ń mú àyà kóòtù dúró, sí inú ẹ̀, èyí tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ ọn, òun náà la pọ̀ jù tí à ń ṣe báyìí torí kọ́sítọ́mà kì í fẹ́ sanwó. Tí aṣọ bá ní ìlà, ẹ wò ó bóyá ìlà orí àpò bá ìlà ara kóòtù mu, ká tó wá sọ ti ojú ihò bọ́tìnnì. Nǹkan míì: àwọn aṣọ tó pẹ́ jù níbẹ̀, ti ọ̀rúndún kejìdínlógún, wọn kì í fi tépù oní-íńsì wọn èèyàn nígbà yẹn o. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn làwọn télọ̀ Yúróòpù ń lò, kọ́sítọ́mà kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, wọ́n á fi àlùmọ́gàjí gé àmì sí etí ẹ̀ níbi àyà, níbi apá, níbi ìbàdí, wọ́n á fi orúkọ ẹ̀ sí i, wọ́n á so ó kọ́. Ìgbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún wọlé ni tépù tó wá wọ́pọ̀. Ẹ sọ fún bàbá, inú wọn á dùn.

Ẹ bá mi bẹ ọmọ yẹn kó ya ẹ̀yìn kóòtù wá fún mi, àti inú ẹ̀ tí wọ́n bá ṣí i sílẹ̀.

Adunni_BK

Fọ́tò wà o, fóònù lásán, kò gbọdọ̀ tan iná. Ọ̀pá sẹ́lífì àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kò wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, inú ilé dúdú, iná kékeré lórí aṣọ.

Ajisafe

Iná tó kéré yẹn kì í ṣe ti ẹ̀ṣọ́ lásán. Ìmọ́lẹ̀ máa ń jẹ àwọ̀ aṣọ, ó sì ń sọ òwú di ẹlẹgẹ́, ohun tó bá sì ti bàjẹ́ báyẹn kò ṣeé tún ṣe. Àwọn mùsíọ́mù kì í sábàá jẹ́ kó ju 50 lux (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀) lọ lórí aṣọ àtijọ́. Òun náà ni kì í jẹ́ kí irú àfihàn báyìí pẹ́, oṣù díẹ̀ wọ́n á kó aṣọ padà sínú òkùnkùn kó lọ sinmi. Nítorí náà kí bàbá mú awò ojú tí wọ́n fi ń kàwé dání o, èyí tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà nìkan kò tó, àwọn àkọlé ẹ̀ kéré.

Alagbada_Peckham

Èmi London ni mo wà ṣùgbọ́n mo rí tiyín nígbà tí mo wá kí àwọn àna mi ní Maryland ní oṣù keje. Mo rí ti V&A náà níbí, ìyẹn mùsíọ́mù Victoria and Albert, ní 2022, Fashioning Masculinities, oṣù kẹta sí oṣù kọkànlá. Mo fẹ́ fi méjèèjì wé ara wọn fún ẹni tó ń rò ó pé gbogbo àfihàn aṣọ ọkùnrin kan náà ni. Ti London, yàrá mẹ́ta ló ní, àkọ́kọ́ ara ọkùnrin níhòòhò, ère Gíríìkì àti aṣọ abẹ́, ìkejì àwọn olówó ayé àtijọ́ nínú sílíìkì pupa àti léèsì, ìkẹta súùtì àti bí wọ́n ṣe ń fọ́ súùtì. Ìparí ẹ̀, gáùn ni! Gáùn tí Billy Porter wọ̀ lọ sí Oscar ní 2019 àti èyí tí Harry Styles wọ̀ fún ìwé ìròyìn Vogue. Bàbá kan tó wà níwájú mi ní ẹni tó ń rán aṣọ ọkùnrin ló sọnù níbẹ̀. Èmi ò bínú sí gáùn o, gbáríyẹ̀ àti dàńdóógó tiwa kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí gáùn tó bá jẹ́ ti bó ṣe fẹ̀ ni. Nǹkan tí mo rí ni pé ti London lẹ́wà ṣùgbọ́n bí àpò ìṣúra tí wọ́n da sílẹ̀ ló rí, kò sí ìtàn kan gbòógì tó so ó pọ̀. Tiyín ní ìtàn. Téèyàn bá jáde níbẹ̀ á mọ ohun tí wọ́n ń bá a sọ.

Ẹni tó bá wà ní London báyìí tó ní òun náà fẹ́ wo nǹkan, ọ̀fẹ́ ni V&A, ẹ lọ wo táì onígi. Mo ní onígi. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan tó ń jẹ́ Grinling Gibbons ló gbẹ́ ẹ ní nǹkan bíi 1690, igi funfun ló gbẹ́ títí tó fi rí bíi léèsì tó rọ̀, òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Horace Walpole sì wọ̀ ọ́ sọ́rùn lóòótọ́ gba àlejò nílé ẹ̀ ní 1769. Ọkùnrin àti ìranù láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Oluko_Itan_Abk

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi ò tíì dé New York, ìwé àfihàn yẹn ni ọmọ mi rà wá fún mi, ẹsùn kan ni mo sì ní. Òkè òkun ló gba gbogbo àyè, Amẹ́ríkà, London, Karíbíánì. Ó yé mi, torí ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n kó lọ ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n àwọn kan padà wá! Ẹ wo Èkó láàárín 1850 sí 1900, àwọn Sàró láti Freetown, àwọn Àgùdà láti Brazil àti Cuba, ọmọ ẹrú, ọmọ ọmọ ẹrú, inú oòrùn Èkó ni wọ́n wà tí wọ́n wọ kóòtù onírù, fìlà gíga, ìbọ̀wọ́. Ohun kan náà tí Douglass ń fi aṣọ sọ ní Amẹ́ríkà làwọn náà ń sọ ní Marina. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan láàárín wọn tún wá yí padà tí wọ́n ní kí ni a ń fi aṣọ òyìnbó ṣe. Àlùfáà onítẹ̀bọmi kan wà tó ń jẹ́ David Brown Vincent, ní 1894 ó ju orúkọ náà nù, ó di Mojọlà Agbébí, ó sì kọ̀ láti wọ aṣọ òyìnbó mọ́, nínú aṣọ ìbílẹ̀ ló ń wàásù, kódà tó bá lọ sí òkè òkun. Herbert Macaulay ní tiẹ̀ kò bọ́ súùtì funfun àti bòtáì sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló ń gbèjà Elékòó, ọba Èkó, níwájú gómìnà. Ẹ wá sọ fún mi ta ni òyìnbó nínú àwọn méjèèjì.

Ká ní wọ́n fi yàrá kan ṣoṣo sí ti Èkó, ìtàn yẹn ì bá pé. Ọmọ télọ̀, tẹ́ ẹ bá délé, ẹ sọ ìyókù fún bàbá fúnra yín, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín.

Ajisafe

Ọ̀gá, ẹsùn yín dúró. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sórí ẹ̀ ni tailoring, ìyẹn aṣọ tí wọ́n gé mọ́ ara, òun ni wọ́n fi ń wo ìtàn. Agbádá kì í ṣe aṣọ tí wọ́n gé mọ́ ara. Èmi ò retí ẹ̀ níbẹ̀.

Oluko_Itan_Abk

Agbádá tí télọ̀ kò mọ̀ ọ́n gé, ẹni tó wọ̀ ọ́ á máa fi ọwọ́ méjèèjì gbé e kiri bí ẹni ru ẹrù. Ẹ má fi ọwọ́ kékeré mú un.

OmoTelo_NJ

Ẹ̀yin àgbà, ẹ rọra o. Ọ̀rọ̀ agbádá tẹ́ ẹ dá sílẹ̀ yìí, ìbéèrè tí bàbá ń bi mí nìyẹn, kí ni kí àwọn wọ̀? Wọ́n gbé súùtì alápá mẹ́ta kan dání láti ilé, àwọn fúnra wọn ló rán an, wọ́n sì tún gbé agbádá ẹ̀tù kan. Ṣé kò ní pọ̀ jù? Àwọn òyìnbó tí mo ń rí níwájú mùsíọ́mù yẹn, ṣòkòtò péńpé ni.

Iya_Ibeji_Bronx

Súùtì! Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ súùtì. Ìgbà tá a lọ, ìdajì àwọn tó wà nínú yàrá yẹn ló múra bí ẹni ń lọ òde, àwọn ọ̀dọ́kùnrin dúdú pẹ̀lú ate àti ọ̀pá, àwọn ìyá àgbà láti Harlem nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn ń kí ara wọn. Kò sí ibòmíì ní mùsíọ́mù yẹn tí mo ti rí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n á dá bàbá dúró béèrè fọ́tò, kẹ́ ẹ ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ kí wọ́n má rò pé àwọn olè ni. Bàtà nìkan ni kí wọ́n má fi ṣe oge, ilẹ̀ ibẹ̀ le, ìrìn ẹ̀ sì pọ̀. Ti agbádá ẹ̀tù yẹn, àwọn pèpéle tí aṣọ wà lórí ẹ̀ kò ní gíláàsì gbogbo wọn, àyè ibẹ̀ sì há, tí bàbá bá gbé apá agbádá sọ́rùn lẹ́ẹ̀kan péré wọ́n lè gba fìlà lórí ère. Báàgì ẹ̀yìn tó bá tóbi, wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ọ̀pá tí bàbá fi ń rìn kò sí wàhálà.

Aranso_Mushin

Ère wo? Ọmọláńgidi tí wọ́n fi kọ́ aṣọ ni?

Adunni_BK

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọn ò lo ti ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin oníṣẹ́ ọnà kan ní Brooklyn níbí, Tanda Francis, òun ló ṣe orí wọn, orí dúdú, ojú èèyàn wa gan-an, imú, ètè, ó ṣeé wò fúnra ẹ̀. Mo rò pé òun ló jẹ́ kí aṣọ àtijọ́ yẹn dà bí ẹni pé ẹlẹ́mìí wà nínú ẹ̀.

Tade_HTX

Ìbéèrè kan. Wọ́n ní Dapper Dan náà wà níbẹ̀. Ṣé kì í ṣe ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣe Gucci ayédèrú nìyẹn? Ayédèrú ti wọ mùsíọ́mù!

Ajisafe

Òun náà ni, ìdí tó fi wà níbẹ̀ gan-an sì nìyẹn. 1982 ló ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ sí 125th Street ní Harlem, kì í tì í, tọ̀sán tòru. Ó máa tẹ àmì Gucci, Fendi, Louis Vuitton sórí awọ, ó máa wá fi rán jákẹ́ẹ̀tì irú èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ yẹn fúnra wọn kò tíì rò láti rán, àwọn olórin rap àtàwọn ajẹ̀ṣẹ́ ń tò síbẹ̀. Wọ́n gbé e lọ kóòtù títí, ṣọ́ọ̀bù tì ní 1992, ọ̀kan nínú àwọn lọ́yà tó dúró fún Fendi nígbà yẹn ni Sonia Sotomayor tó ti di adájọ́ Supreme Court báyìí. Ìgbà tó di 2017 ni Gucci wá gbé jákẹ́ẹ̀tì kan jáde tó jọ ti bàbá yẹn tí àwọn èèyàn pariwo lé e lórí, ni wọ́n bá wá a lọ, wọ́n bá a dòwò pọ̀, ó tún ṣí ilé iṣẹ́ ní Harlem. Ta ló wá ṣe ayédèrú ta? Àwọn télọ̀ Ojúẹlẹ́gbà á mọ èsì ẹ̀.

Bàbá yín á tún fẹ́ dúró ní ibi tí wọ́n kọ Jook sí, zoot suit wà níbẹ̀. Ṣòkòtò ẹ̀ gòkè dé àyà, ó fẹ̀ lórúnkún bíi kẹ̀mbẹ̀, ó wá fún pinpin lọ́rùn ẹsẹ̀, kóòtù gùn, èjìká kún fún páàdì. Ní 1942 ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin dín aṣọ onírun àgùntàn kù nítorí ogun, aṣọ tó ń jẹ yáàdì rẹpẹtẹ bẹ́ẹ̀ wá dà bí ẹ̀ṣẹ̀ sí orílẹ̀-èdè. Nígbà tó di 1943 ní Los Angeles, àwọn ọmọ ogun ojú omi ń wọ inú bọ́ọ̀sì àti sinimá lọ fa àwọn ọ̀dọ́ Mẹ́síkò àti dúdú jáde, wọ́n ń lù wọ́n, wọ́n ń bọ́ aṣọ náà lára wọn láàárín títì. Nítorí aṣọ. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá aṣọ lágbára.

Tade_HTX

Mo gbọ́. Èló ni fláìtì láti Houston.

Omo_Agbole_Ikeja

Àwa tá a wà nílé tí ẹ̀yin ń sọ dọ́là sí wa léti ńkọ́?

Oluko_Itan_Abk

Ẹ lọ sí Oníkan. John Randle Centre wà níbẹ̀, ti àṣà àti ìtàn Yorùbá ni wọ́n dìídì kọ́ ọ fún, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ níbẹ̀ ni mùsíọ́mù ìjọba tó ti wà láti 1957. Ẹ fi ọjọ́ kan wo méjèèjì.

Àti ẹ̀yin tó ń lọ Met, mo fẹ́ bẹ̀ yín, ẹ má jáde kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí iṣẹ́ ọnà Áfíríkà wà, Michael C. Rockefeller Wing, ó ti wà ní títì fún ọdún mélòó kan, ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 2025 ni wọ́n tún un ṣí. Òpó ilé kan wà ní Met tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́, ìyẹn ọ̀gá agbẹ́gilére Èkìtì tó kú ní 1938. Jagunjagun lórí ẹṣin ni, obìnrin ló gbé e rù. Ẹ wo bí ọkùnrin yẹn ṣe jókòó lórí ẹṣin. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ló gbé yín débẹ̀, kò sí àwáwí.

OmoTelo_NJ

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo ti gba àyè níbi iṣẹ́, Mọ́ńdè ni a máa lọ, aago mẹ́wàá, ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ ti 81st Street. Mo máa kọ́kọ́ gbé wọn lọ síbi àfihàn, a máa sinmi, tí orúnkún bá gbà a máa lọ kí Ọlọ́wẹ̀. Bàbá ti ń lọ súùtì láti àná. Ọ̀gá Mùsìn, mo ka ọ̀rọ̀ yín sí wọn létí, wọ́n ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín ibi tẹ́ ẹ ti ń rí kánfáàsì gidi rà ní Èkó, pé ti Ìbàdàn ti di gọ́ọ̀mù gbogbo ẹ̀.

Kí la máa jẹ?

Iya_Ibeji_Bronx

Kì í ṣe inú ibẹ̀, owó oúnjẹ ibẹ̀ á jẹ́ kí bàbá gbààwẹ̀. Oúnjẹ kò sì gbọdọ̀ wọ ibi tí aṣọ wà, ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó wọlé. Tẹ́ ẹ bá jáde, ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sókè sí West 116th Street ní Harlem, àwọn ará Senegal ló ni àdúgbò yẹn, ìrẹsì àti ẹja wọn kún abọ́, bàbá á rí nǹkan gidi jẹ. Ẹ tún máa rí àwọn télọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n jókòó sídìí maṣíìnì nínú ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ ṣọ́ra o, tí bàbá bá wọ ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú bá yín.

Aranso_Mushin

Kánfáàsì: Balógun, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Kí bàbá fún un mọ́wọ́ kí wọ́n tó sanwó, tó bá tú padà fúnra ẹ̀ láìsí ojú àpá, òun ni. Kí wọ́n pè mí tí wọ́n bá dé, màá fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sínú inbox. Ẹ má gbàgbé ẹ̀yìn kóòtù mi.